Ọfà Tí O Yà Kọjú sí Ìyá Rẹ

Mqhokweni,
Ọjọ́ kejì tí mo ti ìlú dé.

Ọmọ mi Lindelwa,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo rò pé ara rẹ le níbẹ̀ ní ìlú eMonti, pé atẹ́gùn òkun ò fẹ́ ọ jù, pé o sì ń rí oúnjẹ gidi jẹ tí kì í ṣe búrẹ́dì nìkan. Kí Ọlọ́run àti àwọn baba ńlá wa máa sìn ọ́ jáde, kí wọ́n sì máa mú ọ wọlé. Tí o bá ń béèrè tèmi, mo wà. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń dùn mí, màlúù méjèèje pé, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, Dabula ọ̀rẹ́ mi sì yá ṣọ́bìrì mi láti oṣù tó kọjá, kò tíì dá a padà. Gbogbo àlàáfíà tó wà nílé nìyẹn. Ìbínú ló kún ìyókù ìwé yìí, nítorí náà wá ibi jókòó kí o tó kà á.

Wọ́n fẹ́ gba fèrèsé mi. Fèrèsé ńlá tí mo bẹ̀ ọ́ ní Kérésìmesì pé kí o yà sí yàrá mi nínú ilé tuntun, èyí tí màá ti máa rí sàréè ìyá rẹ lábẹ́ igi píìṣì láti orí àga mi. O mọ̀ pé ẹsẹ̀ yìí ò lè gun òkè kékeré yẹn mọ́ nígbà òtútù. O mọ̀ pé ọdún kẹrin rèé tí MaBhele ìyá rẹ ti lọ, kò sì sí òwúrọ̀ kan tí mi ò kí i. Nínú gbogbo ilé yẹn, fèrèsé nìkan ni mo béèrè. Ìwọ lo fẹ́ balùwẹ̀ méjì, ìwọ lo fẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní. Nísinsìnyí káńsù ní kí a dín fèrèsé yẹn kù títí tí yóò fi tó àwo ìjẹun, wọ́n ní ilé mi ń jẹ iná mànàmáná jù.

Ilé wo, Lindelwa? Okùn àti èèkàn mẹ́rin ni mo ṣì kàn mọ́ ilẹ̀, ajá ló ń sùn sáàárín wọn. Ilé tí a ò tíì to búlọ́ọ̀kù kan lé ekejì, níbo ló ti rí ẹnu tó fi ń jẹ iná?

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí mo mọ̀ pé wọn á ti sọ tiwọn fún ọ. Nígbà tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì gbé pláànù rẹ dé, tí o ká a bí ẹní, inú mi dùn, mo fi han Dabula, mo fi han ìyàwó rẹ̀, mo tún fi han alùfáà tó ń kọjá lọ. O kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ lé e pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n kọ ohun tó yẹ sí fọ́ọ̀mù, kí n fọwọ́ sí i, kí n sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì káńsù, kí wọ́n lè wò ó bóyá ilé náà á móoru nígbà òtútù, bóyá á sì tutù nígbà ooru, láìjẹ́ pé a ń tan iná kiri. Mo gbà. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ń móoru, á wá sùn síbẹ̀ ni. Mo ti gbá ahéré àtijọ́ mọ́ dè wọ́n, mo ti sá bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àṣé wọn ò ní wá. Orí ìwé ni wọ́n ti ń mọ bí ilé ṣe ń móoru, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò nínú fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó kéré tán, ìdajì omi gbígbóná tí a ń lò kò gbọdọ̀ jẹ́ iná mànàmáná ló mú un gbóná. Mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ pátá, láti ayé bàbá mi, inú ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lórí igi ni. Mo retí pé ẹnì kan á kí mi kú iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kí mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé wọ́n fi nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ abúlé wa, pé ìpín báyìí báyìí la wà nínú ètò ooru àti òtútù. Ara mi bù máṣọ. Ìgbà tí ìjọba fún wa ní nọ́ńbà kẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin ni mo wà, ara ilẹ̀kùn bàbá mi ni wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí, kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi wó ilé wa tí wọ́n kó wa wá sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yìí. Nítorí náà mo fa igi lé nọ́ńbà yẹn, mo kọ orúkọ olóyè wa sórí rẹ̀. Ìwọ náà tún dá kún un, o kọ R àti mẹ́ta, àmì kékeré kan, àti méje sí ara àjà ilé, bí ẹni ń kọ iye owó. Mo kó ráńdì mẹ́ta àti sẹ́ǹtì àádọ́rin lọ sí ṣọ́ọ̀bù onísìmẹ́ńtì láti ra àjà. Wọ́n pe ara wọn jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè rí mi, kí wọ́n tó sọ fún mi pé bí àjà ṣe ń dá ooru dúró ni R yẹn ń wọ̀n. Ọmọ mi, tí nǹkan ò bá jẹ́ owó, má fi àmì owó síwájú rẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, mo lè gbójú fò ó. Èyí tí mi ò lè gbójú fò ni ọfà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà lórí ìwé, o ya ọfà dúdú kan, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó, o kọ àríwá sí i. Mo tọpa rẹ̀. Ó gba iwájú fèrèsé ńlá, ó gun òkè kékeré, ó dojú kọ igi píìṣì tí o yà síbẹ̀ torí wọ́n ní kí a ya gbogbo ohun tó lè ṣíji bo ilé. O ò ya sàréè, ṣùgbọ́n èmi mọ ibi tó wà. Ìyá rẹ gan-an lo nàka sí! Ìwọ tí mo fi ọwọ́ ara mi ká ìka rẹ nígbà tí o jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, tí mo kọ́ ọ pé oríkèé ìka la fi ń júwe sàréè, pé ẹni tó bá nàka gbọnrangandan sí òkú, ìka rẹ̀ á jẹrà. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ pláànù ni wọ́n ti ní kí o gbàgbé?

Mo mú abẹ ìfárùngbọ̀n, mo rọra ha ọfà yẹn kúrò, mo sì ya tuntun tó kọjú sí ọgbà màlúù. Ibẹ̀ ni agboolé gidi ń kọjú sí. Ilẹ̀kùn kọjú síbẹ̀, àga mi kọjú síbẹ̀, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ wá bá wa láràárọ̀. Mo fọwọ́ sí ìwé, mo gbé e lọ, mo rò pé mo ti bo àṣírí rẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èsì dé. Wọ́n ní pláànù náà kò yege. Wọ́n ní fèrèsé ńlá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, pé oòrùn ọ̀sán á máa sun mí nínú yàrá, màá sì máa tan ẹ̀rọ atẹ́gùn tọ̀sán-tòru, nítorí náà kí a dín in kù. Ìwọ̀-oòrùn! Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo ti ń gbé lórí ilẹ̀ yìí, mi ò rí ọjọ́ kan tí oòrùn lọ wọ̀ lọ́dọ̀ MaBhele.

Mo wọ kóòtù ìsìnkú mi, mo mú Dabula dání gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, a lọ sí ìlú. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nosiphiwo ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mi ò rọra sọ̀rọ̀, màá sọ òtítọ́ fún ọ. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló yíjú wò mí. Mo bi í léèrè pé ta ló fún káńsù láṣẹ láti gbé oòrùn kúrò ní ààyè rẹ̀. Dabula búra pé láti kékeré lòun ti mọ oòrùn abúlé wa, kò yípo rí. Ọmọ náà pè mí ní Tata bí ọmọ ṣe ń pe bàbá, ó ní kí n jọ̀ọ́ jókòó, ó bi mí pé níbo loòrùn ti ń yọ nílé wa. Mo ní ẹ̀yìn ọgbà màlúù ni. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó yí ìwé náà po, ó tún un yí. Ó wá bi mí wẹ́rẹ́ pé ta ló ha ojú ìwé yìí.

Mo ní èmi ni, mo sì sọ ìdí rẹ̀ láìtijú. Dabula, ọ̀dàlẹ̀ ẹ̀dá, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ibo ni sàréè ìyá wà, ó na ọwọ́ sórí ìwé láti wá a. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibi igi píìṣì, mo rí i tó ká ìka wọlé. Lindelwa, ọmọ eléèékánná pupa, nínú ọ́fíìsì ìjọba! Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti kọ́kọ́ rọ̀.

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ọfà inú pláànù kì í ṣe ti ibi tí agboolé kọjú sí, òun ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà tí oòrùn ń gbà. Ó ní nígbà tí mo yí ọfà, ìlà-oòrùn wa di àríwá lórí ìwé, àríwá sì di ìwọ̀-oòrùn, pé èmi gan-an ni mo yí oòrùn, èmi ni mo mú un lọ wọ̀ lórí ìyàwó mi. Ó ní bí ọfà bá padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, fèrèsé yẹn ló dára jù nínú gbogbo ilé, pé ìhà àríwá ni oòrùn ń gbà kọjá ní ilẹ̀ wa nígbà òtútù, á máa gba ibẹ̀ wọlé láti òwúrọ̀, á máa bọ́ sórí orúnkún mi, mi ò ní tan iná kankan. Ó ní ẹni tó ya pláànù yìí mọṣẹ́. Mi ò sọ fún un pé ọmọ mi ni, torí mo ṣì ń bínú sí ọ. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo padà lọ sọ fún un. Mo sọ fún ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n rò ó wò ná. Tí ọfà ò bá padà, fèrèsé ti lọ. Tó bá padà, orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ìwé tí yóò máa nàka sí ìyá rẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìjọba títí ayé. Mo dúró síbẹ̀, ojú mi fẹ́ ṣomi, mi ò purọ́. Ni mo bá bi ọmọ yẹn bóyá òfin sọ pé orí ọfà gbọ́dọ̀ nà tààrà. Ó ṣí ìwé òfin, ó kà á síwá sẹ́yìn. Ó ní òfin ní kí ọfà fi àríwá hàn, ṣùgbọ́n òun ò rí ibi tí wọ́n ti sọ nǹkan kan nípa orí rẹ̀.

Nítorí náà, ya pláànù tuntun. Jẹ́ kí ìdí ọfà náà nà bó ṣe yẹ kó nà, kó tọ́ka sí àríwá wọn, ṣùgbọ́n ká orí rẹ̀ wọlé, bí mo ṣe ká ìka rẹ. Nosiphiwo ní òun á gbà á. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, tèmi àti ti Dabula, torí ó ní òun gbọ́dọ̀ bá mi lọ, àti owó ṣọ́bìrì tuntun, torí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti sọ ìrètí nù.

Jwarha, ọmọ Mtika, oríkì ìdílé wa ni mo fi pè ọ́, ọ̀nà rẹ á là. Ọwọ́ rẹ tí o fi ń yàwòrán kò ní gbọ̀n. Wàá kọ́ ilé tìrẹ, ọmọ rẹ á sì ya fèrèsé sí i fún ọ. Mo ti gbé àga síbi tí fèrèsé mi máa wà, láàárín okùn, mo sì ti bá ọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ. Tí àwọn ọ̀gá rẹ ní eMonti bá bi ọ́ léèrè pé irú ọfà wo ló ká orí báyìí, má ṣe tijú, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló wà lọ́hùn-ún.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gcinumzi Ndabeni.