Eyín Bàbá Mi Wà Lọ́wọ́ Mi

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Èmi kì í ṣe dókítà. Gbogbo àdúgbò wa ní Mushin ló ń pè mí ní Dókítà, bàbá mi ló kó o sí wọn lẹ́nu, èmi ni mo sì parọ́ fún un... Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì fún Medicine, mi ò wọlé. College kékeré kan ní Yábàá ló gbà mí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti fi ọmọ ará ilé wa tó ń lọ irú school bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ibi tí àwọn olódo ń lọ nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un? Mo ní yunifásítì ti mú mi.

Télọ̀ ni bàbá mi. Òun ló rán white coat mi, ó fi òwú búlúù kọ "Dr." sí àpò rẹ̀, mo máa ń fi ID card bò ó tí mo bá dé school. Tó bá fọ̀ ọ́, iwájú ilé ló ń sá a sí kí ayé lè rí i. Mi ò kábàámọ̀ school yẹn o, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Láti ibẹ̀ ni mo ti ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe eyín ní Ìlúpéjú, ọ̀gá mi ní kí n máa gbé fọ́tò iṣẹ́ mi sórí internet, ilé-iṣẹ́ kan ní Ireland bá rí i. Wọn ò béèrè yunifásítì kankan, wọ́n kàn ní kí n fi ìda mọ eyín iwájú méjì níṣojú àwọn lórí video call. Visa ti jáde. Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń lọ.

Ibi tó ti há mọ́ mi rèé. Bàbá mi ni ládàánì mọ́ṣáláṣí wa. Nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ yọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wá ń súfèé, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, ló bá fi ìrun pípè sílẹ̀, kò tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe eyín tuntun fún un. Mo ní àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ mi ló bá mi ṣe é. Ọjọ́ tó tún pe ìrun àsùbáà, mo sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì. Eyín yẹn náà ló wá fi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé dókítà lọmọ òun... ìyá tó ń gbé ilé kejì sí wa ti ní òun ń mú ọmọ òun tí gìrì ń mú bọ̀ wá bá mi.

Sunday yìí, ó ti pe àwọn àáfà sí àdúà ìdágbére mi, ó fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ nípa mi. Lánàá ó yọ eyín náà fún mi, ó ní ó ti ń mì, kí n gbé e lọ bá àwọn dókítà yẹn kí ọ̀rọ̀ òun lè já gaara lọ́jọ́ náà. Ó ń fọwọ́ bo ẹnu bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ti tún un ṣe tán, ó wà nínú ife omi níwájú mi. Ojú ń tì mí láti kọ eléyìí... mo ti rò ó pé kí n há a mọ́wọ́ títí di Monday, kó má bàa lè sọ̀rọ̀. Irú ọmọ wo ni mo jẹ́?

Tí mo bá jẹ́wọ́, ṣé kò ní tijú jàmáà débi pé kò ní pe ìrun mọ́? Tí mi ò bá jẹ́wọ́ ńkọ́, ṣé mo ṣì lè wálé láéláé? Ó ti ń pè mí láti pálọ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí mi, ẹ tètè dá mi lóhùn... ṣé kí n sọ fún un kó tó fi eyín yìí sẹ́nu, àbí kí n jẹ́ kó fi í sẹ́nu ná?