Ta Ló Sọ "Mo Gbà" Fún?

Èmi, tí orúkọ mi pípé àti ti bàbá mi wà lórí ìwé ìdánimọ̀ tí mo fi òwú dúdú rán mọ́ ìwé yìí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Télọ̀, tí mo sì tún jẹ́ alága Ìgbìmọ̀ Kóòtù Kẹrin lórí Wasáàpù, ni mo jókòó sídìí tábìlì ìgéṣọ mi lónìí láti pín ohun tí mo ní. Orí mi pé. Ojú mi ń ríran, àfi tí mo bá fẹ́ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Dókítà ti ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ọkàn mi, mo sì gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní ìlú tí kò ní í dé. Inú mi kò bàjẹ́. Inú mi kò dùn náà. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti rí báyìí lára mi.

Àwọn tí mo fi ṣe alámòójútó ìwé yìí ni ọ̀rẹ́ mi, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, àti onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ẹ kà á sókè, ẹ má fò ó, ẹ má sì fi àlàyé tiyín kún un. Mo mọ̀ yín.

Nítorí ẹni tí kì í wo tẹlifíṣọ̀n, ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Kóòtù Kẹrin ni eré àwọn agbẹjọ́rò tí a jọ ń wò. Ní òpin sáà kejì, wọ́n fẹ̀sùn kan agbẹjọ́rò obìnrin, ẹni tiwa, pé ó ta oníbàárà rẹ̀. Adájọ́ bi í látòkè bóyá ó gbà pé òun jẹ̀bi. Bí adájọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, agbẹjọ́rò ìhà kejì tẹ̀ sí i létí, ó bi í bóyá yóò gbà kí àwọn lọ parí ọ̀rọ̀ náà nílé. Obìnrin náà wo iwájú, ó ní, "Mo gbà." Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú. Ó di sáà kẹta. Láti ìgbà náà ni a ti ń jiyàn nípa ẹni tó dá lóhùn, sáà kẹta kò sì tíì dé. Wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ sún un síwájú ni.

ÌKÍNÍ. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ di ti ọmọṣẹ́ mi àgbà obìnrin, tó ti ń lò ó bí ẹni pé tirẹ̀ ni láti ọjọ́ yìí wá. Kó mú àlùmọ́gàjí ńlá náà pẹ̀lú. Kó má fi gé bébà. Mo ti sọ ọ́ títí, etí ikún ló kọ sí mi.

ÌKEJÌ. Àga onígi tí mo máa ń jókòó lé wo eré, ti onígbàjámọ̀ ni. Òun ló dá Ìgbìmọ̀ sílẹ̀ kó tó sú u, tó gbé ipò alága lé mi lórí. Èrò tirẹ̀ ni pé agbẹjọ́rò náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, pé òṣèré náà gbàgbé ohun tó kàn ni, ó wá sọ ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu. Gbogbo Ìgbìmọ̀ ló bú u. Èmi kò bú u. Ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n akọ̀wé ní ẹni tó bá máa jẹ nínú ogún kò gbọdọ̀ jẹ́rìí sí i. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n kúkú fún òun ní àga.

ÌKẸTA, gbèsè. Èmi àti akọ̀wé jọ fi iyàn lélẹ̀. Tó bá jẹ́ adájọ́ ni obìnrin náà dá lóhùn, n óò rán jákẹ́ẹ̀tì dúdú kan fún akọ̀wé. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò máa gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù mi títí oṣù yóò fi parí. N kò ní í sí níbẹ̀ láti san án tàbí láti gbà á. Jákẹ́ẹ̀tì ti wà lára háńgà, mo ti rán an tán. Kó máa wọ̀ ọ́, yálà ó borí tàbí kò borí. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi kọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ ní kóòtù sílẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí mo bi í láìfi ṣeré, ó ní òun lè kọ ohun tí ẹnu sọ, òun kò lè kọ ibi tí ọkàn kọjú sí.

ÌKẸRIN. Ológbò kì í ṣe tèmi. Ó ń gbé nílé mi nítorí pé orí dẹkódà máa ń móoru. Ẹni tí dẹkódà bá kàn, òun náà ni ológbò kàn. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ. Sáà kìíní nìkan ló bá wa wò, ó sì máa ń sọ pé ẹni tó ń rán aṣọ fún agbẹjọ́rò yẹn kò fẹ́ràn rẹ̀, pé ọrùn aṣọ náà wọ́. Òótọ́ ni, ó wọ́. Mo fẹ́ràn ìyàwó mi. Mo kọ ọ́ sí ìsọ̀rí ológbò nítorí pé n kò rí ibòmíràn tó yẹ.

ÌKARÙN-ÚN ni ilé. Ẹ rọra ka ibí yìí.

Ọmọ méjì ni mo bí. Obìnrin ni ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin ni àbúrò. Nígbà tí àìsàn ìyá wọn le, gbogbo wa yí ibùsùn rẹ̀ ká ní ọsibítù. Dókítà dúró lápá òsì, ó bi í bóyá ó gbà kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọmọkùnrin mi jókòó lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ sí i létí, ó bi í bóyá ó gbà kí a máa gbé e lọ sílé. Ìyá wọn wo òkè àjà, ó ní, "Mo gbà." Ọmọbìnrin mi fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ. Ìyá wọn kò jí mọ́.

Níbi ẹsẹ̀ ibùsùn ni mo dúró sí. Àwọn méjèèjì ti wá bá mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé èmi ni mo rí ojú rẹ̀ dáadáa, kí n sọ ẹni tó dá lóhùn. Mo ní n kò mọ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é. Èmi gbọ́ tẹni méjèèjì, n kò sì rí i dá. Ẹ̀gbọ́n rò pé mo ń gbè sẹ́yìn àbúrò, àbúrò rò pé mo ń gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń wá kí mi, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, bí àwọn tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Lọ́jọ́ tí sáà kejì parí, tí agbẹjọ́rò náà ní òun gbà, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo lọ fọ abọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ mi méjèèjì ti wọ inú Ìgbìmọ̀. Ẹ̀gbọ́n pe ara rẹ̀ ní Ẹlẹ́rìí Kìíní. Àbúrò pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Adájọ́. Nọ́ńbà fóònù wọn hàn ketekete. Èmi mọ̀ wọ́n, wọ́n mọ ara wọn, onígbàjámọ̀ pàápàá mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n ní ohun tí wọ́n bá bi èèyàn ní gbangba ni èèyàn ń dáhùn. Àbúrò ní ohùn tó bá sún mọ́ etí ni èèyàn ń gbọ́. Àwọn yòókù bá wọn fà á títí, ó sú wọn, wọ́n padà sídìí bọ́ọ̀lù. Àwọn méjèèjì yìí kò dákẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ̀wé síra wọn. Mo ń kà á nídìí ẹ̀rọ. Ohun tí mi ò lè gbé mì níbẹ̀ ni pé "ẹ̀yin" ni ọmọbìnrin mi ń pe àbúrò rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ wò dáadáa." Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, tó nu imú rẹ̀, tó máa ń fà á létí tó bá kọ̀ tí kò wẹ̀, òun ló di "ẹ̀yin". Òun náà ń pè é ní Màdámù Ẹlẹ́rìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ọmọbìnrin mi kọ ọ́ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo wà létí ẹ̀. Ṣé o rò pé kò dun èmi náà ni?" Mo ń wò ó lọ́wọ́ ló pa á rẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ti Wasáàpù nìkan ni wọ́n máa ń ṣà padà. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ti kà á. Nígbà tó wá kí mi nírọ̀lẹ́, ó pẹ́ kó tó dìde. Lọ́jọ́ kejì, "ẹ̀yin" ti padà dé.

Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó kù lára mi ni pé sáà kẹta yóò dé. Yóò sọ ẹni tí obìnrin náà dá lóhùn, iyàn yóò parí, àwọn ọmọ mi kò sì ní í rí ohun tí wọn yóò máa bá ara wọn sọ mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fi ilé mi, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, dẹkódà àti ológbò, sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì lápapọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ògiri dá a sí méjì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ jókòó ní pálọ̀ wo apá àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá sọ ẹni tó dá lóhùn, ohun tó wu ẹni tó kọ eré nìyẹn, ó sì lè yí i padà lọ́la. Ìyá yín kò ní sáà kẹta. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀yin kò dé kóòtù. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá yín lẹ ti ń bọ̀.

ÌKẸFÀ. Ipò alága Ìgbìmọ̀ di ti àwọn méjèèjì. Òfin kan ni mo fi lélẹ̀: ọmọbìnrin mi kò gbọdọ̀ pe àbúrò rẹ̀ ní "ẹ̀yin" mọ́. "Ìwọ" ni kó máa pè é, àgàgà tí inú bá ń bí i. Kí àbúrò rẹ̀ máa pè é ní Ẹ̀gbọ́n mi.

ÌKEJE. Akọ̀wé ní ó dára kí àwọn ajogún fọwọ́ sí i pé wọ́n tẹ́wọ́ gba ogún wọn. Mo ti fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀. Kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "Mo gbà" síbẹ̀, lójú ẹnì kejì. Ẹ̀yin alámòójútó, ẹ má bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbà, ẹ má sì bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn.

Mo fọwọ́ sí i ní ṣọ́ọ̀bù mi, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, nígbà tí sáà kẹta kò tíì dé.

Bàbá Télọ̀

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Nọ́ọ̀sì ilé kejì
Awakọ̀ tó ń gbé ládùúgbò wa, tí kò wo Kóòtù Kẹrin rí, tí kò sì ní èrò kankan nípa rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n: ................................

Àbúrò: ................................