Ìró Irin Lábẹ́ Pálọ̀

Bàbá mi, bíríkìlà Kemta,

Ẹ kú ilé. Èmi ọmọ yín tí kò pẹ́ ní kíláàsì ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ èyí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo kọ́ lé yín lórí, kò sí ọlọ́kadà tó ń béèrè ọ̀nà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí.

Ògiri pálọ̀ là, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yín gan-an. Mo rẹ́ ẹ, ó tún là. Mo wá ránṣẹ́ pe àwọn tó ń yẹ inú ilẹ̀ wò. Wọn ò gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Wọ́n to nǹkan kéékèèké bí etí yí ilé ká, wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀, wọ́n wá ń fi òòlù ńlá lu àwo irin. Ìró á wọlẹ̀ lọ, á padà wá bá àwọn etí. Kọ̀ǹpútà á méfò bí abẹ́ ilẹ̀ ṣe rí, á máa tún èfò náà ṣe títí ìró tó ṣírò láti inú rẹ̀ á fi bá èyí tí etí gbọ́ mu. Ó wá di àwòrán. Mo rí àpáta tí ilé wa dúró lé níbẹ̀, ó dúdú, ó le. Mo ń yangàn lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn fìka kan ibì kan tó funfun, ó ní fún mi pé: "Bàbá, ibí yìí ò le o. Omi ló ń jẹ ẹ́."

Lẹ́yìn òjò wọ́n tún wá lù ú. Funfun náà ti fẹ̀ dé abẹ́ yín.

Ọ̀la ni wọ́n tún ń bọ̀. Bó bá ṣì ń fẹ̀, a ó hú yín kúrò kí wọ́n lè da kọnkéré síbẹ̀, tàbí kí n wó ilé. Èmi tí n kò sá fún ọmọ onílẹ̀ rí, n kò lè jókòó ní pálọ̀ mi mọ́. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí eruku sìmẹ́ńtì lè gbọ̀n dànù? Mo ti kà á léèwọ̀ fún gbogbo ilé. Àwọn ọmọ-ọmọ yín ní mò ń rìn bí olè nínú ilé ara mi.

Ṣé omi ti kàn yín ni? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jí mi bí òrùlé bá ń jò, kí ló dé tí ẹ ò fi tó mi létí lójú oorun?

Bí ìró bá dé bá yín láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má dìde. Kì í ṣe èmi ni mò ń kanlẹ̀kùn. Màá bọ́ bàtà, màá dúró tì yín títí wọ́n á fi ṣe tán.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó ń rọra tẹlẹ̀ lórí yín.