Àwọn Àlejò Ẹ̀yìn Wáyà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin

Ẹyẹ tún ti kọ́ ìtẹ́ sí ihò afẹ́fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Àlejò. Ọdọọdún. Ẹyẹ kan náà, tàbí ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ máa ń móoru, èmi náà ìbá kọ́lé síbẹ̀. Mo fi ọ̀pá kó koríko rẹ̀ kúrò kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà, ẹyẹ dúró sórí wáyà, ó ń bú mi.

Mo ti ń pè wọ́n ní Àlejò láti ìgbà tí wọ́n ti wó ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì. Ilé iṣẹ́ lọ, àwọn ọ̀gá lọ, owó orí tí wọ́n ń san fún ìlú bá wọn lọ. Ohun tí wọ́n fi ń dáná, èyí tí wọ́n ti lò tán, òun ló kù sí wa lọ́wọ́ — nínú àgbá irin tí wọ́n jó ẹnu rẹ̀ pa, tí wọ́n tún gbé sínú kọnkéré, gbogbo wọn tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn wáyà létí òkun. Ìjọba ní fún ìgbà díẹ̀ ni, àwọn ń bọ̀ wá kó wọn. Irun mi ṣì dúdú nígbà yẹn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ omi, ewéko àti ẹrẹ̀ wò bóyá nǹkan ń jò. Nǹkan kan ò jò. Mo ti ń sọ ọ́ láti ogún ọdún, ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Mo ja ewé òkun fún ilé àyẹ̀wò níwájú ilé Bọ̀ọ̀dá Ẹrẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wendell lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ inú ẹrẹ̀ etí òkun ló ń gbé láti kékeré, ó ń wa kíláàmù, ẹran oníkarahun tí gbogbo wa ń tà jẹun. Kò sí ẹni tó kórìíra Àlejò bíi tirẹ̀ nílùú yìí. Ọkọ̀ rẹ̀ wà níta. Mo kan ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ojú fèrèsé ló ti pariwo pé òtútù ń mú òun, kí n máa lọ sílé mi. Mo ní mo gbé ọbẹ̀ ẹja wá. Ó ní kí n gbé e sórí àtẹ̀gùn. Bíi pé ajá ni mo jẹ́!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ilé àyẹ̀wò pè. Ayodíìnì wà nínú ewé òkun — èyí tó ní ìtànṣán olóró. Mo ní kí wọ́n tún un wò. Wọ́n ní àwọn ti tún un wò kí àwọn tó pè.

Kò pọ̀. Kò lè pa eṣinṣin. Àmọ́ kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá.

Ọ̀gá Orí Fóònù — òun ló ń bójú tó iṣẹ́ mi fún àwọn tó ni àgbá, ìpínlẹ̀ mìíràn ló ń gbé, n kò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí — ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní òfin ní ká sọ. Ó ní kí n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ irú èyí jẹ́jẹ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Gbogbo ìlú ti gbọ́. Jẹ́jẹ́ náà nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Rudy Pelkey, tó ń ra kíláàmù lọ́wọ́ gbogbo wa, ní òun ò ra mọ́. "Kì í ṣe pé èmi gbà á gbọ́ o, Àǹtí Lois. Àwọn oníbàárà mi ní Boston ló gbà á gbọ́."

Ìgbìmọ̀ ìlú ti ti gbogbo ẹrẹ̀ pa, láti orí dé ìdí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ ta ló bi mí? Ìgbà ooru ń bọ̀, ìgbà tí kíláàmù ń wọ́n, tí àwọn èèyàn fi ń rí ti ọ̀gìnnìtìn jẹ. Gbogbo ìdílé tó ń jẹun nínú ẹrẹ̀ yẹn ni mo mọ̀.

Ìpàdé ìlú pàjáwìrì di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ dìbò lé: kí ẹrẹ̀ wà ní títì títí wọn yóò fi kó àwọn àgbá náà lọ. Títí wọn yóò fi kó wọn lọ! Wọ́n kúkú ní kí ìlú kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo lọ ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Dot, mo pẹ́ níbẹ̀ títí búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Mo ń ṣàlàyé. Ayodíìnì yìí kì í pẹ́ láyé. Ká tó rí oṣù mẹ́ta, ó ti tán pátá. Ohun tó wà nínú Àlejò ti lé ní ogún ọdún. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ń jò bí ajere, ayodíìnì kọ́ ni yóò jò jáde, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá rí wàrà tútù nílẹ̀ kò lè ní màálù tó ti kú láti ogún ọdún ló dà á.

Wọ́n mi orí. Wọ́n lóye. Lẹ́yìn náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á ní, "Lois, wọ́n ní àgbá yín ń jò?" Mo tún bẹ̀rẹ̀. A kì í jí apirọrọ.

Ìyá Dot gbọ́ ọ tán, ó nu káńtà. "Ó dáa. Bí kì í bá ṣe àgbá yín, ibo ló ti wá?"

Mo ní n kò tíì mọ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní, ó fún mi ní ṣéńjì mi. Ìbéèrè rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Òun ló ń bí mi nínú jù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n

Èsì tuntun dé. Mo ti ja ewé òkun káàkiri etí omi. Nídìí wáyà Àlejò — òfo. Létí afárá — òfo. Níwájú ilé Bọ̀ọ̀dá Ẹrẹ̀ nìkan ló wà, ó sì ti dín kù gan-an sí ti àkọ́kọ́.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, mi ò tan án. Àwọn dókítà máa ń fún èèyàn ní ayodíìnì yìí gbé mì. Àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọrùn. Ó ń bá ìtọ̀ jáde lára wọn.

Páìpù tí Bàbá rì sábẹ́ ilé Bọ̀ọ̀dá Ẹrẹ̀ ṣì ń da omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú òkun tààrà. Òfin ní ká yọ ọ́. Mo ti fi ọ̀rọ̀ páìpù yẹn yọ Bọ̀ọ̀dá Ẹrẹ̀ lẹ́nu títí ó fi dẹ́kun àtimáa pè mí wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú.

Rárá o.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Gbogbo ìlú ló ń bú àgbá. Bọ̀ọ̀dá Ẹrẹ̀ nìkan ni kò tíì sọ gbólóhùn kan. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ibẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Ẹrẹ̀ nílé. Oòrùn ràn, síbẹ̀ ó fi aṣọ òtútù wé ọrùn. Ó rí ojú mi, ó jókòó.

Ó ní ìgbà wo ni mo mọ̀. Mo ní láti Ọjọ́bọ̀. "O pẹ́. Ìwọ tó o ní gbogbo ẹ̀rọ ayé."

Wọ́n ti la ọrùn rẹ̀ nígbà ọ̀gìnnìtìn — ìgbà tó ní òun lọ kí ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n jọ ṣe sójà. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ló lọ gbé oògùn náà mì ní Portland. Wọ́n ní kó jìnnà sí èèyàn fún ìgbà díẹ̀, òun ló fi lé mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kí ìtànṣán má bàa dé ara mi. Mo sì ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ṣépè fún un.

"Dókítà ní tí mo bá ti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí n da omi sí i lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Mo dà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Sínú òkun, Bọ̀ọ̀dá! Ẹ̀ ń dà á sínú òkun!"

"Ibo lo fẹ́ kó gbà?"

Mo pariwo. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àwọn èèyàn ò rí kíláàmù wà, ẹ jókòó síbí! Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní láti ogún ọdún ni òun ti ń sọ pé àgbá yẹn yóò fa àìsàn. Tí òun bá ní àìsàn mú òun, wọ́n á ní Wendell ti wí. Tí òun bá sọ ti páìpù, á jẹ́ pé èmi ni mo jàre. "N kò fẹ́ kí ọrùn mi di ẹ̀rí fún ẹnì kankan. Ọrùn mi ni."

Ó wá béèrè bóyá àwọn àgbá náà ló fà á. Mo ní gbogbo ohun tí mo ti wọ̀n láti ọjọ́ yìí wá, rárá ni wọ́n ń sọ. Ó ní òun mọ èyí tí òṣìṣẹ́ wọn máa sọ, kí n sọ ti àbúrò.

Mo ní, "Rárá, Bọ̀ọ̀dá mi." Ẹkún gbọ̀n mí. Inú sì tún ń bí mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún

Ọ̀la ni ìpàdé. Tí mo bá dákẹ́, ẹrẹ̀ á wà ní títì. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti tú àṣírí ẹ̀gbọ́n mi ní gbangba. Mo ní mo lè sọ pé "ẹnì kan" ni. Ẹnì kan wo? Ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àwọn ará ibí kì í sì í ṣe òmùgọ̀ lórí ohun tí kò kàn wọ́n.

Ọ̀gá Orí Fóònù ní kí n dárúkọ onítọ̀hún kí ọ̀rọ̀ lè parí. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Wọ́n kọ́kọ́ bọ́ wa ní ẹ̀wà àti búrẹ́dì dúdú, bí ìgbà gbogbo. A kì í fi ebi jà nílùú yìí. Hollis Farnham ni alága, òun àti òòlù rẹ̀, àti òfin rẹ̀ pé alága lèèyàn gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀, a kò gbọ́dọ̀ bá ara wa sọ ọ́.

N kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Ẹrẹ̀ dìde. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bíbú àgbá tó máa ń ṣe lọ́dọọdún ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Àpá náà pupa, ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó ní jẹjẹrẹ mú òun. Ó ní oògùn òun ni wọ́n rí nínú ewé òkun, páìpù Bàbá òun ló gbé e débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bú Lois.

Rudy ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ará, ṣé —"

Òòlù dún. "Bá alága sọ̀rọ̀!"

"Alága, ṣé ìtọ̀ Bọ̀ọ̀dá Wendell la fi ń jà látọjọ́ yìí?"

Èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rántí jẹjẹrẹ, wọ́n dákẹ́, Bọ̀ọ̀dá Ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ wá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé bá tú. Obìnrin kan lẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí alága bi Lois níbo ni jẹjẹrẹ náà ti wá. Mo dìde.

"Ó ti dá mi lóhùn nílé," Bọ̀ọ̀dá Ẹrẹ̀ ní. "Èmi ni mo ni ìbéèrè yẹn. Jókòó, Lois."

Wọ́n dìbò. Ẹrẹ̀ yóò ṣí, àfi ti iwájú ilé rẹ̀, títí páìpù yóò fi kúrò. Ìyá Dot kó ẹ̀wà tó kù fún un. Kò fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Rudy ti ń rà. Ọ̀gá Orí Fóònù pè, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní a ti jàre. Ta ni "a"?

A hú páìpù Bàbá lónìí, èmi àti Bọ̀ọ̀dá Ẹrẹ̀. Òkun ti fà sẹ́yìn. Amọ̀ ni páìpù náà, ó wúwo bí òkú, ó ń rùn, ẹrẹ̀ kò sì fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Mo ní ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é láti ọjọ́ yìí. Ó ní kí n wà á kí n yé rojọ́.

Ó tètè rẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń nu ojú. Ó ní ṣé mo rántí ọjọ́ tí Bàbá rì í. Mo ní mo kéré. Ó ní òun ló bá a gbé ìdí rẹ̀. Màmá ń pariwo láti ojú fèrèsé pé irú ìwà ọ̀bùn wo nìyí, ta ni yóò wá yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Mo ní kí ni Bàbá sọ.

"Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni."

Ó wo òdìkejì omi, níbi tí àwọn Àlejò mi tò sí, funfun nínú oòrùn. Kò bú wọn.

Ó na ṣọ́bìrì sí mi. Mo gbà á.