Ìkìlọ̀ Tó Ń Wọlé Sórúkọ Olóògbé

Ìyàwó mi kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún tó kọjá, ní òwúrọ̀, lórí àga ọ́fíìsì rẹ̀. Akọ̀wé, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má kọ pé ó papò dà, má kọ pé ó sùn. Ó kú.

Èmi ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Onípáìpù, tí n kò kàwé, tí mo ń sọ̀rọ̀ kí akọ̀wé lọ́yà máa kọ ọ́, mo sọ ọ́ pé orí mi pé, kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi, n kò sì mutí. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀. Kọ ìyẹn náà sí i.

Èkíní. Ilé tí mo ń gbé jẹ́ ti àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má tà á nígbà tí inú bá ń bí yín síra yín. Òrùlé ẹ̀yìn ń jò. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Èkejì. Sípánà ńlá mi, ayùn tí mo fi ń gé páìpù àti àpótí irin wọn, mo fi wọ́n fún ọmọ mi kejì, ọkùnrin, tí ìyá rẹ̀ sọ ní Kíákíá. Kò ní lò wọ́n. Mo fẹ́ kí ó máa rí wọn kí ó lè rántí pé a kì í pààrọ̀ páìpù láì kọ́kọ́ ti omi. Òun ló rí ìkìlọ̀ pupa kan lórí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀ tó fi pààrọ̀ gbogbo nǹkan lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ilé ìwòsàn tó ń lo iṣẹ́ náà kò rí orúkọ aláìsàn kankan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá rẹ̀ ní, "Kíákíá, o rí eku lájà, o tú òrùlé."

Ẹ̀kẹta. Ajá mi, kí ó lọ bá àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, Ó-dọ̀la. Gbogbo ènìyàn ni ajá náà ń gbó. Ó-dọ̀la mọ bí a ti ń gbé pẹ̀lú ariwo: tí ìkìlọ̀ bá ti pọ̀, a jẹ́ pé kò gbọ́ ọ mọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin. Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n jókòó nìyí. Ìyàwó mi ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú orúkọ aláìsàn, ohun tó ń ṣe é àti oògùn rẹ̀. Ẹnìkan kì í dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó yá ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lọ́wọ́ àwọn tí kò rí rí: ẹnìkan ló ṣe èyí tó ń ka déètì, ẹlòmíràn ló ṣe èyí tó ń yẹ páswọ́ọ̀dù wò kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn ẹ̀yà náà tún yá tiwọn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá rí àléébù nínú ọ̀kan, wọn á kéde rẹ̀, ìkìlọ̀ á sì wọ ímeèlì rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀, nítorí àwọn olè pẹ̀lú ń gbọ́ ìkéde náà.

Bí mo bá ń fọ àwo, tí òun ń nù ún, ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Á ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, àmì pupa ń sọ bí ihò ṣe tóbi tó. Kò sọ bóyá ilé wa ló wà." Nítorí náà, á béèrè: ṣé a ní ẹ̀yà yìí, àbí ẹ̀yà tí a yá ló gbé e wọlé láìsọ fún wa? Ṣé ẹ̀dà tí wọ́n dárúkọ ni tiwa? Ibi tó bàjẹ́ lára rẹ̀, ṣé à ń lò ó, ṣé ọwọ́ ará ìta sì lè dé ibẹ̀? Ṣé àtúnṣe ti jáde, kí ni yóò sì dàrú bí a bá fi sí i? Á kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹ̀rọ tí kò sí aláìsàn kankan nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ ni kò kàn wá. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò kà.

Ẹ̀karùn-ún. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ ti yàrá rẹ̀ pa, wọ́n sì fi ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣọ rẹ̀. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Kí iyẹ̀pẹ̀ ibojì tó gbẹ, àkọ́bí mi obìnrin, tó ń ṣe irú iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ní kí a ṣí i. Kíákíá pariwo mọ́ ọn pé, "Ṣé o ò lè jẹ́ kí ara Màámi tutù ná? Ogún lo wá pín!" Ó-dọ̀la ní ímeèlì ìyá òun kì í ṣe ọjà tí gbogbo ènìyàn á máa yọjú sí. Àkọ́bí kó ẹrù rẹ̀, ó lọ, kò sì tíì padà.

Láti ìgbà náà ni ìkìlọ̀ ti ń wọlé sí ẹni tí kò ní ojú mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì àgbà kan pè mí. Ó ní wọ́n ti rí àléébù nínú ẹ̀yà tó ń yẹ páswọ́ọ̀dù wò, pé àwọn olè ti fi tú àṣírí aláìsàn síta ní ilé ìwòsàn kan tí kì í ṣe oníbàárà wa. Ó ní, "Bàbá, ṣé ó kan tiwa?" Mo bi àwọn ọmọ. Kíákíá ní kí òun pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó-dọ̀la ní, "Bàbá, ẹ lọ jẹun." Méjèèjì kò dá obìnrin yẹn lóhùn.

Ẹ̀kẹfà. Ètò náà, ímeèlì náà àti àṣẹ lórí méjèèjì, mo fi wọ́n fún àkọ́bí mi. Páswọ́ọ̀dù wà nínú orí mi. Ìyá wọn kọ́ mi bí ẹni kọ́ ọmọdé lórin, nítorí ó mọ̀ pé n kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láé. Ẹnìkan nínú wọn kò bi mí. N kò ní sọ ọ́ síbí. Lọ́yà máa ń ka ìhágún sókè.

Ìhágún a máa dúró de ikú. Ẹsẹ̀ yìí kò dúró. Kí lọ́yà fi í ránṣẹ́ sí àkọ́bí mi lónìí, kí àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé àwọn gbọ́.

Àkọ́bí mi, wọ́n pè ọ́ ní olójúkòkòrò, mo sì jókòó níbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀. Wá sílé, kí n sọ páswọ́ọ̀dù náà sí ọ létí. Ka ìkìlọ̀ náà. Bí ó bá kàn wá, tún un ṣe. Bí kò bá kàn wá, pe nọ́ọ̀sì náà kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ ló wà.

Ìtẹ̀ka Bàbá Onípáìpù, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún yìí.

Àwọn ẹlẹ́rìí: Télọ̀ iwájú ilé, Nọ́ọ̀sì àgbà.
Ẹni tó kọ ọ́: Akọ̀wé lọ́yà.