Kọ́kọ́rọ́ Tí Wọ́n Fà Lé Bàbá Lọ́wọ́

                                        Ilé Bàbá wa,
                                        Yàrá ìránṣọ.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ó ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Ìyàwó wa ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sọ fún wọn pé aṣọ tí wọ́n ní kí n rán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, apá ọ̀tún ló kù. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé eyín àbíkẹ́yìn yín ti hù, àbí èrìgì ló ṣì fi ń jẹ búrẹ́dì? Ní tiwa, a dúpẹ́. Ìbàdí Màmá ṣì máa ń ro wọ́n láàárọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń rìn báyìí, kì í ṣe méjì mọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lẹ fẹ́ gbọ́. Ọkọ̀ ti délé. Àlòkù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, kò ju lítà kan lọ, bẹntiróòlù ló ń lò, kì í sì í mu ún bí ọ̀mùtí. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ká a. Màmá á máa fi lọ gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: Bàbá kọ́ ni yóò máa wà á. Èmi ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gbé fóònù. Ẹ ka lẹ́tà yìí tán ná. Inú yín yára í bí, ẹnu tèmi náà kì í dúró sójú kan, tá a bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ìjà la máa jà.

Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ fi owó ránṣẹ́. Ẹ ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ó máa wà á o, kì í ṣe Alárọ̀yé." Ẹ̀ ń bá mi ṣeré ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n lọ wá bàtà dúdú wọn jáde, èyí tí wọ́n máa ń wọ̀ nígbà tí wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi pólíìṣì kùn ún. Wọ́n ń súfèé. Bàtà ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n kùn lẹ́ẹ̀mejì, pólíìṣì ò kan ti ọ̀tún rárá. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mò ń wo bàtà ọ̀tún náà.

Ojú wọn ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tí mo ti fura. Wọ́n á bu omi, ẹ̀gbẹ́ ife ni wọ́n á bù ú sí. Lọ́jọ́ kan wọ́n kí kóòtù Màmá tí mo sá sórí okùn, wọ́n tún bi í pé àwọn ọmọ ńkọ́. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní gílóòbù ilé yìí ni kò mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pààrọ̀ gílóòbù! Nígbà tó yá, wọ́n di ọwọ́ mi mú nínú yàrá ìránṣọ yìí, wọ́n ní, "Má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Á fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbí." Mo sì gbà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò ní dà á lé ẹlòmíì lórí. Èmi tí gbogbo yín ń pè ní Alárọ̀yé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí n rò, mo gbé e mì.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo ní a jọ máa lọ yẹ ọkọ̀ wò, Bàbá á fi etí yẹ ẹ́ wò, èmi á wà á. Tá a bá rà á tán, inú báàgì mi ni kọ́kọ́rọ́ máa wà, tí wọ́n bá bèèrè, màá wá irọ́ tó bá ọjọ́ yẹn mu. Ọgbọ́n òmùgọ̀ gbáà ni.

Ọkọ̀ tá a kọ́kọ́ wò ga, ó sì ń dán. Bàbá ní kí wọ́n tàn án. Wọ́n tẹ́tí díẹ̀, wọ́n ní, "Èyí á jẹ epo tán, á tún bi wá pé kí ló kù nílé." A kúrò níbẹ̀. Èkejì funfun, ó kéré dáadáa, ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á sì dùn lẹ́nu ju èmi gan-an lọ. Ó ti ní aago mẹ́rin géérégé ni ká wá, ká má tètè dé. Bí a ṣe débẹ̀, kí ó tó kí wa tán, Bàbá ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló ti gbé e jáde kí a tó dé?"

Ọ̀gbẹ́ni ní kò sẹ́ni tó gbé e.

"Kò jáde, ó wá gbóná báyìí? Àbí ibà ló ń ṣe é?"

Lójú ọ̀nà, Bàbá ṣàlàyé fún mi pé ọkọ̀ tí kì í fẹ́ tan láàárọ̀ ni wọ́n máa ń mú gbóná sílẹ̀ de oníbàárà, kó má baà gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tún bà mí, nítorí pé pẹ̀lú irú etí àti ọwọ́ báyẹn, ta ló máa gbà mí gbọ́ pé ojú ti ń lọ?

Ẹ̀kẹta la rà. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, Ìyá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ni, ibi iṣẹ́ àti ilé nìkan ni wọ́n fi ń lọ. Bàbá fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù nini. Wọ́n ní kí Ìyá Nọ́ọ̀sì tàn án, ẹ̀ẹ̀kan ló dáhùn. Bàbá dijú, wọ́n tẹ́tí sí i pẹ́, wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ara ẹ̀ dá." Ìyá Nọ́ọ̀sì pa á, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní ká lọ dán an wò.

Mo na ọwọ́. Ọwọ́ mi là sílẹ̀ gbayawu o. Ìyá Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi kọjá, wọ́n tẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún Bàbá. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ máa dán an wò, sà. Wọ́n ní ògbólógbòó awakọ̀ ni yín." Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ǹ bá ṣe? Ṣé kí n já a gbà lọ́wọ́ wọn? Ṣé kí n sọ níwájú àlejò pé bàbá mi ò ríran? Mò ń retí kí Bàbá ní, "Alárọ̀yé, ìwọ wà á." Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n dúpẹ́, bí ẹni pé Ìyá Nọ́ọ̀sì ta ọkọ̀ lọ́rẹ. Wọ́n jókòó sídìí sítíárì, èmi jókòó tì wọ́n, Ìyá Nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn.

A gbéra. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ò gbàgbé nǹkan kan, ẹ ò ní mọ ìgbà tí wọ́n ń yí jíà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí mo bá ti rí, mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàwàdà. "Ẹ wo oníkẹ̀kẹ́ yìí lápá ọ̀tún, ó ń gùn ún bí ẹni tó jí i." "Iná iwájú yẹn ti pupa o, kò fẹ́ ká tètè délé." Bí mo bá ti ní pupa, ẹsẹ̀ Bàbá á lọ sórí bíréèkì. Bí mo bá ní iná ti ní ká máa lọ, a ó gbéra. Àwa méjèèjì mọ ohun tí à ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì tó ti ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi sún síwájú lójijì, àwọn náà ń wo ọ̀nà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yí padà, ọkọ̀ yìí dáa." Wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn ṣe máa ṣe lórí òkè. A bá yà sí òpópónà tó gòkè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọkọ̀ ẹrù kan ń fi ẹ̀yìn rìn jáde lápá òsì. Mo tẹjú mọ́ ọn. "Ọkọ̀ ńlá kan ń fẹ̀yìn bọ̀ lápá òsì o, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ti dúró." Títí tí mo fi sọ ìyẹn tán, mi ò wo ọ̀tún. Nígbà tí mo máa wò ó, obìnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú títì, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń de okùn bàtà ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ẹnu mi yìí, ẹnu tí kì í sinmi, kò gbé nǹkan kan jáde. Mo là á, kò dún. Ìyá Nọ́ọ̀sì ló ké láti ẹ̀yìn: "Ọmọ! Ọmọ o!" Bàbá fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì kú. Ọkọ̀ dúró. Àyè tó wà láàárín imú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn obìnrin yẹn ò tó gígùn apá mi. Obìnrin náà de okùn bàtà tán, ó dìde, ó rí wa, ó sì tẹ orí ba, ó ń dúpẹ́ pé a dúró de àwọn.

Bàbá ní, "Kí ló wà níbẹ̀?" Ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an.

Mo ní obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ ni.

"Ọmọ náà tó báwo?"

"Bí ọmọ ọdún mẹ́rin, sà."

"Ṣé kò fara pa?"

"Kò fara pa. Ó ń juwọ́ sí yín."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n juwọ́ padà sí i, síbi tí ọmọ náà ò sí.

Lẹ́yìn náà wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ ara ọkọ̀ yí iwájú po títí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ṣí i. Wọ́n ní, "Sún sọ́hùn-ún." Mo sún. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n sì pa àwọn ìka mi dé lórí rẹ̀. Èmi ni mo wà á padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa ẹ́ńjìnnì kí ó tó gbéra, Bàbá ò sì bú mi.

A dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Nọ́ọ̀sì. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí dáa. Àmọ́ kúlọ́ọ̀ṣì jíà rẹ̀ ń yọ̀ díẹ̀ lórí òkè, ẹ bá wa dín nǹkan kù níbẹ̀." Ẹ gbọ́ ná! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ìyá Nọ́ọ̀sì dín in kù lóòótọ́, wọ́n sì kọ orúkọ dókítà ojú tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ rí sínú ìwé fún mi. Ibẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ yín gbé wa lọ.

Dókítà ní ojú ọ̀tún ti lọ, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Ti òsì ṣì kù, oògùn tí mò ń kán sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló máa dì í mú. Ó ní ká ní a tètè wá ni, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo ń bá a parí rẹ̀ lójoojúmọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tí inú bá máa bí yín, èmi ni kí ẹ bínú sí, ẹ má bínú sí wọn.

Ní báyìí, èmi ló ń gbé Màmá lọ gba ìtọ́jú. Màmá ń jókòó lẹ́yìn, wọ́n na ẹsẹ̀, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n á dijú, wọ́n á ní, "Yí i sí kẹta. Kí lo tún ń dúró dè? O fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọlọ́kọ̀?" Màmá á ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ o jàre. Màmá ní kí n kí yín, wọ́n ní ẹ má gbàgbé láti máa wọ ohun tó nípọn. Bàbá ní kí n kí yín, kí n kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá náà ló ní lẹ́tà ni kí n kọ. Wọ́n ní tí àwọn bá gbọ́ ohùn yín lórí fóònù, ẹ máa ní kò sí nǹkan kan, ojú á dáa, àwọn á sì tún gbà yín gbọ́. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ti ní kí n gbé àpòòwé wá. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ wọn ló wà nínú rẹ̀ yẹn, ẹ wò ó dáadáa. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti ń lò ó, fọ́tò ara rẹ̀ sì jọ yín bí ìbejì. Wọ́n ní èmi kọ́ ni yóò bá àwọn fi í sí i. Wọ́n tàsé ẹnu àpòòwé, wọ́n tún tàsé. Mi ò ràn wọ́n lọ́wọ́, mi ò sì fẹnu júwe ibẹ̀. Ìgbà kẹta ló wọlé. Ẹ bá wọn tọ́jú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Tí wọ́n bá sì pè yín lọ́jọ́ kan pé kí ẹ fi í ránṣẹ́ padà, ẹ sọ pé ẹ ò rántí ibi tí ẹ fi í sí.

                                        Àbúrò yín, awakọ̀ Bàbá,
                                        Alárọ̀yé.