Alùpùpù Tó Na Ọwọ́ Sókè

Màámi,

Ẹ kú àìgbúròó ọmọ yín. Ara mi le koko bí ọta. Wọ́n ti mú mi kúrò nídìí ilẹ̀ gbígbá. Alùpùpù tuntun ni mo ń gùn wò báyìí, kí iléeṣẹ́ tó gbé e sọ́jà. Ó rẹwà, Màámi. Táyà iwájú rẹ̀ jìnnà síni, ọwọ́ rẹ̀ sì ga débi pé a máa ń nawọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n yọ ìbọn sí.

Ẹnu àwa tá à ń gùn ún ò kò. Bàbá Onírùngbọ̀n ní bí àga ọba ló rí. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa ní tóun bá ti sáré, ṣe ni ọrùn alùpùpù náà ń gbọ̀n. Ọ̀gá wa ní ọwọ́ obìnrin náà ló ń gbọ̀n. Wọ́n bi mí, mo ní, "Ó dáa, sà."

Ẹni tó gùn ún ṣáájú mi ṣì wà ní ọsibítù, kò tíì lè sọ̀rọ̀, a ò mọ èrò tiẹ̀. Bàtà ẹ̀ ni wọ́n fún mi. Ó bá mi mu wẹ́kú.

Ẹ bá mi kí ìyàwó mi; ẹ ní ilẹ̀ ni mo ṣì ń gbá. Ẹ kí àwọn ọmọ. Àdúrà tí ẹ máa ń gbà fún mi lálẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sí ọ̀sán. Ọ̀sán la máa ń gùn ún.